Bátìrì Tó Ń Sáré Nínú Àyà Mi

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọkàn rẹ kò lágbára mọ́, tí wọ́n sì ń bá ọ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan tí wọn yóò fi sábẹ́ awọ àyà rẹ, fara balẹ̀ ná. Èmi náà ti jókòó sórí àga tí o jókòó lé yẹn. Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹta girama ni mo ti dúró tí mo lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, nítorí náà má ṣe retí èdè àwọn dókítà níbí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi.

Kwangila ní Zaria ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ará Ẹ̀gbẹ̀ ni wá, ní ilẹ̀ Yàgbà. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó wá ku èmi àti Màmá nìkan. Òrí ni Màmá ń tà níwájú ilé wa, òrí funfun tí wọ́n ń kó wá láti ìhà Bìdá. Lójú Màmá, kò sí àìsàn tí òrí kò lè yanjú. Bí imú bá dí, òrí ni. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, òrí ni. Nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, wọ́n fi òrí pa mí lórí.

Ọdún tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, Malam Habu, ni àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀. Mo ń fá pákó lọ́jọ́ kan, èémí mi kúrú. Mo rò pé ooru ni. Nígbà tó yá, mi ò lè fá pákó kan tán kí n má jókòó. Malam Habu a máa wò mí, a sì máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé, “Dáre, ka tsufa,” ìyẹn ni pé mo ti darúgbó, kí n wá ìyàwó kí n tó kú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù a rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Ẹsẹ̀ mi ń wú. Bí mo bá bọ́ sálúbàtà nírọ̀lẹ́, ojú okùn rẹ̀ a rì wọ ẹran ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí wọ́n fi ìka tẹ iyán. Bí mo bá sì dùbúlẹ̀ gbalaja, ńṣe ló máa ń dà bíi pé omi ń bò mí mọ́lẹ̀. Mo wá ń fi ẹ̀yìn ti ògiri sùn.

Mo fi pa mọ́ fún Màmá títí di ọjọ́ tí mo ṣubú sórí òkìtì ìyẹ̀fun pákó ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo lajú, orí mi wà lórí ẹsẹ̀ Malam Habu, ó ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ mi, ojú rẹ̀ kò sì ní ẹ̀rín kankan mọ́.

Ilé ìwòsàn wá di ilé wa kejì. Bí o bá ti tò rí, o mọ bí ó ṣe rí: àwọn èèyàn a dé ṣáájú oòrùn, oníkálukú a bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lórí ìlà kí àyè rẹ̀ má bàa bọ́, a lọ jókòó sábẹ́ igi. Màmá a fi sálúbàtà wọn sílẹ̀ fún wa, wọn a sì máa ṣọ́ ọ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹran àgbò. Lọ́jọ́ kan obìnrin kan rọra fi ẹsẹ̀ ti bàtà wa sẹ́yìn. Màmá kò bínú. Wọ́n kí i dáadáa ní Hausa, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n sì gbé bàtà wa padà síwájú bí wọ́n ti ń kí i lọ.

Dókítà ibẹ̀ gbọ́ àyà mi, wọ́n yà á ní àwòrán, wọ́n sì lẹ okùn mọ́ mi lára. Ó sọ nǹkan méjì. Ó ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò lè tú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ó ní lórí èyí, ó tún ń lù lọ́ra jù, ìdí nìyí tí mo fi ń dákú. Oògùn lè fa omi kúrò ní ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n oògùn kò lè mú kí ó lù bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní písìméékà ni yóò ṣe ìyẹn, Ìbàdàn la ó sì lọ kí wọ́n tó lè fi í sí mi. Nílé wa, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Bátìrì ni gbogbo wa ń pè é.

Àbúrò bàbá mi, Bàbá Kọ́lá, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Dakace, kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé ìgò àgbo dé, ó korò débi pé omi bọ́ lójú mi. Ó ní irin kì í gbé inú ẹran ara, pé ara ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣe mọ́tò. Àwọn ìyá nínú ìjọ ní kí a gbààwẹ̀ ná. Màmá gba àgbo, wọ́n gba ààwẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ oníkálukú, lẹ́yìn náà ni wọ́n ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀. Ìjọ wa fi kún un. Malam Habu náà mú ti rẹ̀ wá, ó fi sábẹ́ ẹní wa, kò jẹ́ kí a dúpẹ́. Ó kàn ní, “Allah ya sauƙaƙa,” ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run mú un rọrùn, ó sì jáde lọ.

Ní Ìbàdàn, dókítà obìnrin kan ló gbà wá. Ó sanra, ó máa ń ṣàwàdà, Ìyá Ọlọ́kàn sì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é lẹ́yìn. Mo bẹ̀rù pé wọn yóò la àyà mi sí méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú mi là sílẹ̀ títí tí wọ́n fi ṣe é tán. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ kó má bàa dùn mí, wọ́n la awọ díẹ̀ nísàlẹ̀ eegun èjìká mi òsì, wọ́n ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan dé inú ọkàn, wọ́n sì fi bátìrì náà síbẹ̀. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ṣùgbọ́n ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí o bá fọwọ́ kàn mí, wà á rí i níbi tó ti yọ gọngọ díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà mi ò dákú mọ́. Ẹsẹ̀ mi kò wú mọ́. Mo ń sùn gbalaja. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé rándà tí mo fi ń fá pákó, tàbí tí mo bá yára rìn, èémí tún ń kúrú. Nígbà tí a padà lọ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò, mo sọ fún dókítà. Ó ní kò ya òun lẹ́nu. Ó ní bí èèyàn bá ń sáré, ọkàn rẹ̀ náà á bá a sáré, ṣùgbọ́n tèmi kò mọ ìyẹn ṣe mọ́, bátìrì náà sì ń lù lọ́gbọọgba bíi ṣọ́jà tó ń yan, yálà mo jókòó tàbí mò ń gun òkè. Ó wá ní, “Bátìrì tí a fún ọ yìí ní etí. Bí ara rẹ bá ń mì, ó lè gbọ́ ọ, kó sì mú ọkàn yára. A kò tíì ṣí etí náà ni.”

Kò gé mi. Ó kàn gbé nǹkan kan tó dà bí àyọ́ọ̀nù lé mi láyà, ó tẹ bọ́tìnnì lára ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Mo gùn ún dé òkè, mo sì ń bá nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé mi sọ̀rọ̀ lọ. Àárín ọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀ pé mò ń sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé èémí mi kúrú. Nọ́ọ̀sì náà ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Mo sọkalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ọlọ́kàn, ó ní kí n dìde kí n má ba ọ̀dà ilẹ̀ òun jẹ́.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fá odidi ilẹ̀kùn kan tán lójú Malam Habu. Ayọ̀ wa pọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọ̀ngbọ̀n mìíràn fi dé.

Nírọ̀lẹ́, tí mo bá jẹun tán tí mo sì sùn sílẹ̀, tí n kò ṣe nǹkan kan, ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mo ti mọ bí ọkàn tó ń lọ́ra ṣe rí, ṣùgbọ́n èyí tó ń sáré nígbà tí mo dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ ba mí lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á wá rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí Màmá máa ń ṣe nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí ojú ọgbẹ́ mi ti san ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n á bu òrí, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì yọ́ ọ, wọ́n á fi pa mí láti ọrùn dé ìdodo. Lẹ́yìn náà wọ́n á wá fi àtẹ́lẹwọ́ máa gbá ibi tí bátìrì wà, pẹ́-pẹ́-pẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbá ìdí ọmọ ọwọ́ kó lè sùn. Wọ́n á máa kì mí, wọ́n á máa gbàdúrà sí bátìrì náà pé kó má sùn, kó má tòògbé, kó máa ṣiṣẹ́ ọmọ wọn. Mo ti di géńdé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Kò sẹ́ni nínú wa tó da nǹkan méjèèjì pọ̀. Màmá ti ń gbá a fún oṣù mélòó kan kí dókítà tó ṣí etí bátìrì, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Dókítà ni a kà sí ẹni tó bà á jẹ́. Èyí tó burú jù ni pé bí mo bá ní, “Màmá, ó tún ti ń sáré o,” ńṣe ni wọ́n á tún bu òrí kún un, wọ́n á sì tún máa gbá a kíkankíkan.

Ọ̀rọ̀ dé etí Bàbá Kọ́lá. Ó ní ṣé òun kò sọ? Ó ní ọkùnrin kan wà ní Dakace tó mọ ọ̀bẹ lò, tó ti yọ ọta ìbọn lẹ́sẹ̀ ọdẹ rí. Ó ní ohun tí wọ́n fi sábẹ́ awọ lásán, bí ẹni yọ jìgá ni yóò ṣe yọ ọ́. Ẹ̀rù ti bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Wọ́n ti fi ọjọ́ sí i. Ìgbà tí Bàbá Kọ́lá wá láti mú mi lọ ni Màmá, tí wọ́n ń rọ òrí sínú àwo níwájú ilé, dìde.

“Ọkọ mi,” bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn, “tí aago ọwọ́ yín bá ń sáré, ṣé alápatà lẹ máa ń gbé e lọ bá?”

“Ìyàwó, ẹ má bá mi ṣàwàdà. Ọmọ ń kú lọ.”

“Ẹni tó fi í síbẹ̀ la máa bi. Tó bá ní kí a yọ ọ́, òun náà ló máa yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Wọ́n kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, àgbàlagbà obìnrin, lójú gbogbo àdúgbò. Bàbá Kọ́lá fà wọ́n dìde, ó sì padà sílé láìmú mi lọ. Ọjọ́ kejì, a wọ mọ́tò Ìbàdàn. Gbogbo òrí tó kù lọ́jà Màmá ni wọ́n tà ní ẹ̀dínwó fún owó ọkọ̀, àfi kékeré tó wà nínú báàgì wọn. Bí mọ́tò bá bọ́ sí kòtò léraléra lójú ọ̀nà, ọkàn mi á tún sáré, èmi náà á di ọwọ́ Màmá mú.

Ìyá Ọlọ́kàn yẹ bátìrì náà wò títí. Ó ní ó dára, okùn rẹ̀ dára, kò sí ohun tó ṣe é. Ó so mí mọ́ ẹ̀rọ tó ń dún bí ọkàn bá ti ń lù, tí, tí, tí. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ kí n sinmi, ó yí sí tábìlì rẹ̀ láti kọ nǹkan. Ojú mi ti pọ́n. Mo ń rò ó pé bí kò bá sí ohun tó ṣe é, a jẹ́ pé èmi ni mò ń kú láìnídìí. Màmá rí ojú mi. Wọ́n yọ òrí nínú báàgì, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá mi láyà bí ti ilé.

Tí-tí-tí-tí-tí.

Dókítà yíjú padà. “Màmá, ẹ dáwọ́ dúró ná.”

Màmá dáwọ́ dúró. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹ̀rọ náà rọlẹ̀.

“Ẹ tún gbá a.”

Ó tún sáré. Ìyá Ọlọ́kàn di tábìlì mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bátìrì yẹn kò mọ̀ pé ìyá ló ń gbá òun. Ó rò pé ọkùnrin yìí ń sá lójú títì ni. “Màmá, ọmọ yín sùn sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń lé e sáré.” Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi wọn, òun ló yẹ kí òun ti béèrè. Ó dín etí bátìrì náà kù díẹ̀, kí kòtò ojú ọ̀nà má tún máa tàn án. Ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbá ibẹ̀ mọ́, kí wọ́n má rá a, kí okùn tó wà nínú má bàa kúrò láyè rẹ̀.

Ó yẹ kí èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rù ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn gun orí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, “Ẹ wò ó, Màmá, ọwọ́ yín ló fẹ́ pa mí.” Mo sì pariwo rẹ̀.

Màmá fi ìborùn wọn nu ọwọ́ méjèèjì, ìka kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku òrí kankan níbẹ̀.

Bí a ṣe dé Zaria, ara mi le. Ọkàn mi ń sáré nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́, ó ń sinmi nígbà tí mo sinmi, bí dókítà ṣe fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Màmá kò fọwọ́ kàn mí mọ́. Kì í ṣe àyà nìkan o. Bí wọ́n bá fẹ́ fún mi lóúnjẹ, wọ́n á gbé e lé àpótí, wọ́n á sún sẹ́yìn. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan. Mo rí i. Mo ní ó máa tán nínú wọn. Bí a ṣe ń jẹ́ kí ọjọ́ máa lọ nìyẹn, ara mi ń yá sí i, ilé wa sì ń dákẹ́.

Bàbá Kọ́lá ló wá lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wò mí, inú rẹ̀ dùn, ó fún mi ní ọsàn. Ó wá yí sí Màmá, ó ní, “Ìyàwó, wọ́n ní ọwọ́ yín ló fẹ́ pa á.” Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ti tàn dé etí rẹ̀, àwàdà ló sì fi ṣe. Màmá tẹrí ba, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò sì dùn létí. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ọwọ́ yìí náà ló gbà mí lọ́wọ́ ọ̀bẹ tí ẹ fẹ́ mú mi lọ bá. Ká ní wọn ò kúnlẹ̀ fún yín lọ́jọ́ yẹn, ibi tí ǹ bá wà lónìí, kí Ọlọ́run má jẹ́.” Bàbá Kọ́lá bó ọsàn rẹ̀ tán kó tó dáhùn. Ó ní òtítọ́ ni.

Nígbà tó lọ, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo gbé àpótí síwájú Màmá, mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn.

“Màmá, ẹ̀yìn ń dùn mí.”

“Dókítà ní n má fọwọ́ kàn ọ́.”

“Àyà ni dókítà wí. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú. Ẹ má bínú sí mi, Màmá.”

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bu òrí. Ìka kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi kàn mí, bí ẹni ń tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò. Wọ́n ní, “Ṣé ó ń sáré?” Mo ní kò sáré. Wọ́n fi ìka mìíràn kún un. “Ṣé ó ń sáré?” Mo ní rárá. Ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì fi balẹ̀ sí mi lẹ́yìn, mo fi gbogbo ara ti ọwọ́ wọn. Wọ́n ṣe bí ẹni pé wọn ò mọ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi bátìrì sí ọ láyà, jẹ́ kí wọ́n fi í síbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n fi ọ̀bẹ kàn án. Bí ó bá ṣe ohun tí kò yé ọ, padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í sí ọ, kí o sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara rẹ fún un, títí kan èyí tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ìfẹ́. Mú ẹni tó ń tọ́jú rẹ dání lọ. Kí o sì rọra sọ̀rọ̀ sí i.

Wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣì ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, mi ò sì lè dá pákó ńlá gbé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi gbé e. Ṣùgbọ́n mò ń fẹsẹ̀ rìn láti Kwangila dé Wusasa, mò ń fá ilẹ̀kùn, mo sì ti gbé ìyàwó. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyàwó mi á gbé àpótí jáde fún mi láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀, á wá bọ́ sẹ́yìn. Àgbà ti dé sí Màmá, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, òrí sì ń kán sára ṣòkòtò mi. Wọn kò tíì pa mí lẹ́yìn rí lálẹ́ kan láìbéèrè. Mo máa ń dáhùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi mí: kò sáré, Màmá, ẹ máa pa á lọ.